Ọ̀rọ̀ vancomycin: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe wọ́n mọ́

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti ẹ̀yin tí èèyàn yín wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù báyìí, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá o. Tí wọ́n bá ti ní staph (kòkòrò kan tó ń fa àrùn) tó wà lára aláìsàn ò gbọ́ ti cloxacillin (oògùn tó máa ń pa á) mọ́, pé ó ti di èyí tí wọ́n ń pè ní MRSA, vancomycin ló sábà máa ń kàn, oògùn tó dáa ni, wọ́n ti ń lò ó láti 1958, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là, àmọ́ bá a ṣe ń lò ó ló máa ń ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láì tíì fa ẹ̀jẹ̀ lọ fún culture, ìyẹn kí láàbù jẹ́ kí kòkòrò inú ẹ̀ hù kí wọ́n lè mọ irú èyí tó jẹ́. Tí oògùn bá ti wọlé, kòkòrò yẹn lè má hù mọ́ ní láàbù, ẹ ò wá ní mọ ohun tẹ́ ẹ ń bá jà. Ojú ibi méjì lára ni kẹ́ ẹ ti fa ẹ̀jẹ̀ náà, torí staph kan wà tó jẹ́ pé orí awọ ara ló ń gbé, òun ló máa ń bá abẹ́rẹ́ wọnú ìgò, tó bá wá jẹ́ ìgò kan ṣoṣo ló hù, ó lè jẹ́ pé aláìsàn ò ní in nínú ẹ̀jẹ̀ rárá.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé: èsì á dé, láàbù á ní cloxacillin ṣì ń pa staph yìí dáadáa, wọ́n á ṣì máa fún aláìsàn ní vancomycin lọ, wọ́n ní òun ló lágbára jù. Irọ́ ni! Fún staph tó ṣì ń gbọ́ ti cloxacillin, flucloxacillin tàbí cefazolin, àwọn yẹn ló ń pa á yá ju vancomycin lọ, àfi tí penicillin bá ti ṣe aláìsàn náà léṣe gidi rí. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ tí èsì bá dé. Ẹ̀yin ará láàbù náà, disc vancomycin (bébà kékeré tí oògùn wà lára ẹ̀) tẹ́ ẹ ń lẹ̀ mọ́ plate tí kòkòrò ń hù sí ò ṣeé gbára lé fún *Staph aureus* (staph tá à ń sọ yìí), MIC (ìwọ̀n oògùn tó kéré jù tó ń dá kòkòrò dúró) ni kẹ́ ẹ wò, disc cefoxitin (oògùn míì) ló ń fi MRSA hàn.

Ó tún ku eré sísá, ìyẹn kí dríìpù vancomycin máa yára wọlé jù. Gíráàmù kan, ó kéré tán wákàtí kan gbáko ni kó fi máa kán wọlé, tó bá ju gíráàmù kan lọ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má tì í wọnú iṣan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì gún un sí ìdí, á jẹ ẹran ara ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sáré, ojú, ọrùn àti àyà aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, á máa yún un, BP ẹ̀ lè já wálẹ̀. Ìwé ní awọ ara á pọ́n, àmọ́ lára èèyàn dúdú bíi tiwa ẹ lè má rí pípọ́n kankan, nítorí náà ẹ bi í léèrè, ẹ wò ó bóyá ó ń họ ọrùn. Ẹ dá dríìpù dúró, ẹ fún un lóògùn tó ń dá yíyún dúró, tára ẹ̀ bá balẹ̀ kẹ́ ẹ wá rọra bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ má kàn kọ "allergy" sí fáìlì ẹ̀, torí wọn ò ní fún un mọ́ láéláé, bẹ́ẹ̀ eré ló fà á. Àmọ́ tí èémí bá ń há tàbí tí ọ̀fun bá ń wú, ìyẹn ọ̀rọ̀ míì, ẹ ò gbọ́dọ̀ fún un padà.

Gíráàmù kan láàárọ̀, gíráàmù kan nírọ̀lẹ́ fún gbogbo èèyàn, ìyẹn náà ò dáa. Ẹ wọn aláìsàn, miligíráàmù 15 sí 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni, gíráàmù kan lè tó ìyá tó wọn kílò 50 àmọ́ kò tó bàbá tó wọn 90. Tí kíndìnrín bá ti rẹ̀, oògùn ò ní tètè jáde, á máa gbára jọ, ẹ yẹ creatinine (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́) wò lóòrèkóòrè, ẹ wo ìtọ̀ ẹ̀, níbi tẹ́ ẹ bá ti lè wọn oògùn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ gentamicin (oògùn apakòkòrò míì tó lè ṣe kíndìnrín léṣe) láìnídìí, ẹ̀yin ẹbí náà, ẹ má yọ́ gbé diclofenac tàbí àgbo wá fún un lábẹ́ aṣọ, kíndìnrín kan náà ni gbogbo ẹ̀ máa já lé.

Kapusúùlù vancomycin tí wọ́n ń gbé mì, inú ìfun ló ń dúró sí, kò wúlò fún staph inú ẹ̀jẹ̀.

Tí ọyún bá wà níbì kan, ẹ fà á jáde, tó bá jẹ́ cannula (ọ̀pá kékeré inú iṣan tí dríìpù ń gbà wọlé) ló fà á, ẹ yọ ọ́. Staph aureus inú ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ 14 ló kéré jù láti ọjọ́ tí culture ò ti rí kòkòrò mọ́, tó bá ti dé fáàfù ọkàn tàbí eegun, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ti eegun lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà lè lọ lọ́jọ́ karùn-ún kí kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Torí náà kí wọ́n tó gbé ìgò àkọ́kọ́ kọ́, ẹ béèrè iye tí gbogbo ẹ̀ máa ná yín, tówó ò bá sì tó, ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó lè wo ohun tó tún ṣeé lò.