Bẹ́ ẹ ṣe lè mú ipa kan dání fún ọdún gbọọrọ nínú kọ́mẹ́dì àti séríì: ẹ wo Wendy Richard

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ ń ṣeré níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń ṣe é tí wọn ò fi ní gbàgbé òun, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Wendy Richard, òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 2009. Láti 1972 sí 1985 ló fi jẹ́ Miss Brahms nínú kọ́mẹ́dì Are You Being Served?, ó tún wá fi ọdún 21 jẹ́ Pauline Fowler nínú EastEnders lórí BBC, láti ìgbà tí séríì yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1985 títí di Kérésì 2006. Ipa méjì yìí ló sọ ọ́ dẹni tí gbogbo ilé mọ̀.

Àkọ́kọ́, iṣẹ́ tó ń fún yín lówó oúnjẹ, ẹ má fojú kékeré wò ó. Kí Wendy lè rówó san ní Italia Conti tó ti ń kọ́ eré, ó ń tajà ní Fortnum & Mason, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní London. Ẹ sì wò ó, ta ni Miss Brahms? Ọmọbìnrin tó ń ta aṣọ obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù ńlá! Kò dájú pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti bi ẹnikẹ́ni bí ẹsẹ̀ ṣe ń ro èèyàn nídìí káńtà.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ìyá yín ta àǹkárá ní ọjà Ouando, iléèwé lẹ wà yẹn o. Ẹ wo ìyá aláṣọ nígbà tí oníbàárà bá dá iye tí ò dáa. Kì í bínú. Á rọra ká aṣọ náà padà, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní wojú ẹni yẹn mọ́, á wá kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á máa bá a sọ ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ lÉgùn. Kó tó parí ọ̀rọ̀ yẹn, oníbàárà ti fowó kún un. Ẹ ṣe gbogbo ẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú kámẹ́rà, ẹ má yára, ẹ má fi ojú sọ fáwọn èèyàn pé ibi ẹ̀rín la wà báyìí, torí ìyá yẹn ò mọ̀ pé òun ń pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, owó ọjà ẹ̀ ló ń wá.

Ohùn ńkọ́? Ní 1962, Wendy bá Mike Sarne ṣe orin kan tó dé ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni kò kọrin níbẹ̀ rárá, ó kàn ń dá ọkùnrin yẹn lóhùn ni, pẹ̀lú ohùn Cockney, ohùn àwọn mẹ̀kúnnù London. Ohùn yẹn náà ló gbé wọnú Miss Brahms, nígbà tí Mrs Slocombe, ọ̀gá ẹ̀ nídìí káńtà, ń sọ̀rọ̀ bí ọlọ́lá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Yorùbá Àjàṣẹ́ yín ṣeré, pẹ̀lú Ègùn àti Faransé tó wọnú ẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ọmọ wa tó ń fi tipátipá sọ̀rọ̀ bí ará Èkó.

Tó bá wá di séríì, ìrántí ni iṣẹ́. Nígbà kan tá a ń ya eré nínú ilé kan lẹ́bàá ọ̀sà, mo wé gèlè búlúù wọ yàrá, lọ́jọ́ kejì mo wé aláwọ̀ ewé jáde nínú yàrá kan náà, kò sẹ́ni tó rí i àfìgbà tí wọ́n ń tò ó pọ̀, la bá tún padà lọ yà á, owó zẹ́mìjàn, ìyẹn ọ̀kadà, ti èèyàn mẹ́fà ló tún bá a lọ. Látìgbà yẹn mo ní kayé kékeré kan, ìwé tí mò ń kọ nǹkan sí: aṣọ tó wà lọ́rùn mi, ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ẹni tí mò ń bá jà, ẹni tó jẹ mí lówó. Kẹ́ ẹ sì máa fi fóònù ya ara yín kẹ́ ẹ tó bọ́ aṣọ eré. Pauline náà ní aṣọ tiẹ̀, suwẹ́tà tó máa ń wọ̀ ṣáá, tẹ́ ẹ bá ti rí i nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ níbi tó ń ṣiṣẹ́, ẹ ti mọ irú obìnrin tó jẹ́.

Ẹ má sì bẹ̀rù kí ipa yín le. Pauline máa ń ráhùn, ó máa ń dá sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀, ìgbà tó gbọ́ pé Arthur ọkọ ẹ̀ ń yan àlè, páànù ìdíndòdò ló fi gbá a. Síbẹ̀ ọdún 21 làwọn èèyàn fi ń wò ó.

Èyí tó kù ni ìgbà tó yẹ kéèyàn kúrò. Àwọn tó ń kọ eré fẹ́ kí Pauline fẹ́ ọkọ míì lẹ́yìn ikú Arthur, Wendy ní obìnrin tí òun mọ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fipò sílẹ̀, wọ́n bá jẹ́ kí Pauline kú lọ́jọ́ Kérésì. Kẹ́ ẹ tó lè sọ irú ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ipa yín dénú egungun. Àdéhùn owó náà gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìwé kí wọ́n tó tan kámẹ́rà: iye tí wọ́n máa san, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, àti ẹni tó máa gbé séfà náà wá. Kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé.