Bí mo ṣe ya oníjó bàtá àti asáré nínú ìgboro Èkó

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò lọ́jú pọ̀: fọ́tò oníjó bàtá kan àti ti asáré kan, méjèèjì ní ìgboro, kò sí sítúdíò.

Oníjó ni mo kọ́kọ́ yà, ní Pópó Àgùdà. Kí n tó yọ kámẹ́rà rárá, mo lọ kí bàbá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé tó kọjú sí wa.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ ya fọ́tò díẹ̀ níwájú ilé yín.”

“Ẹ máa yà á. Ẹ má ṣáà dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń kó ọjà.”

Aago mẹ́rin ti kọjá. Lọ́sàn-án gangan, àtàrí ni oòrùn Èkó ń dúró lé, ojú oníjó á sì ṣókùnkùn bí ẹni tó fi fìlà bojú. Lásìkò yìí, ògiri aláwọ̀ ìyeyè tó wà lódìkejì ló ń ta ìmọ́lẹ̀ sí i lójú.

Mo fi ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ kámẹ́rà, sí ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá; ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, sì wà ní 800. Ṣùgbọ́n yíyá kámẹ́rà nìkan kò tó. Ẹni tó bá fò sókè, ó níbi tí ara rẹ̀ ti ń dúró díẹ̀: ó ti gòkè tán, kò sì tíì máa bọ̀ nílẹ̀. Ibẹ̀ ni fọ́tò wà. Bí o bá dúró kí ojú rí i kí o tó tẹ kámẹ́rà, ó ti bọ́. Etí ni mo fi ń mú un. Mo ní kí onílù máa fi ìyáàlù pe ẹsẹ̀ náà bákan náà ní gbogbo ìgbà. Bí ìpè bá ti ń parí, ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì.

Wáyà iná ló yọ mí lẹ́nu. Mo dùbúlẹ̀ sórí páálí kí oníjó lè ga ju òrùlé lọ, àfi bí wáyà ṣe là á lórí kọjá. Mo ń wọ́ lọ sápá òsì títí orí rẹ̀ fi bọ́ sí àlàfo. Nínú èyí tí mo mú, ẹsẹ̀ kan ká sábẹ́ ìdí, eruku ṣì wà níbi tó ti gbéra, òógùn kan sì so mọ́ ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀.

Ti asáré, òwúrọ̀ Sunday ni, lẹ́bàá pápá ìṣeré Sùúrùlérè tí wọ́n ṣí ní 1972. Níbẹ̀, mo dẹ ṣọ́tà wálẹ̀ sí ìdá kan nínú 30 ìṣẹ́jú àáyá kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè fà di ìlà, mo fi ISO sí 100, mo sì fún ihò lẹ́ńsì kéré (f/16) kí ìmọ́lẹ̀ má bàa pọ̀ jù. Mo gbẹ́sẹ̀ ró, ìbàdí nìkan ni mo ń yí tẹ̀ lé e, n kò sì dúró lẹ́yìn tí mo tẹ̀ ẹ́ tán.

“Bọ̀dá, ṣé kí n tún un sá?”

“Tún un sá, àbúrò mi. Má wojú mi o, iwájú ni kí o máa wò.”

Dánfó kan kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó di ìlà ìyeyè gbọọrọ. Ojú ọmọbìnrin náà mọ́ kedere, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ́ dànù. Oníbàárà ní òun fẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ ti hàn. Mo fi méjèèjì ránṣẹ́, mo sì sọ èyí tí èmi yóò lò.