Bẹ́ ẹ ṣe lè lo "ayẹyẹ" kó bọ́ sójú ẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, kì í ṣe gbogbo ìnáwó là ń pè láyẹyẹ o. Ayẹyẹ ni èyí tó létò, tí wọ́n fìwé pèèyàn sí, bí ìwúyè Olúbàdàn ní Mápó. Tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ jẹ kẹ́ ẹ mu kẹ́ ẹ jó, àríyá nìyẹn. Lórí káàdì, ẹ fi orúkọ ètò tẹ̀ lé e: ayẹyẹ ìgbéyàwó, ayẹyẹ ìṣílé. Arúgbó tó kú, ẹ lè kọ "ayẹyẹ ìkẹyìn", ṣùgbọ́n òkú ọ̀fọ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, rárá, mo rí i lára pósítà ọmọ ọdún 23 kan rí, ó dùn mí dọ́kàn, "ètò ìsìnkú" ti tó. Ẹ má fàmì ohùn kankan sórí "ayẹyẹ" o, torí "yẹ̀yẹ́", ìyẹn fífini ṣẹ̀sín, nǹkan míì ni.