Bí Ẹ Ṣe Lè Lo Iná Pupa fún Inú Rírun Nǹkan Oṣù

Inú la máa ń sọ pé ó ń run obìnrin tó bá rí nǹkan oṣù, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú tí oúnjẹ ń gbà kọjá. Ilé ọmọ ló ń fún ara rẹ̀ pọ̀ kí ó lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Èròjà kan tí ara ń pèsè fúnra rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ prostaglandin, ló ń mú un fún. Bí èròjà náà bá pọ̀ jù, ilé ọmọ á fún débi pé ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé inú iṣan rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀, tí á sì ràn dé ìbàdí àti itan. Ọjọ́ kìn-ín-ní àti ìkejì ló máa ń pọ̀ jù lọ, ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń tu ọ̀pọ̀ obìnrin tó bá di ọjọ́ kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ lo iná pupa kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ìrora bá ti ká a mọ́lẹ̀.

Iná pupa tí à ń wí kì í ṣe gílóòbù pupa tí wọ́n ń fi ṣe ilé ọtí lọ́ṣọ̀ọ́; irinṣẹ́ oníná LED tí wọ́n ń tan sí ara láti fi rọ ìrora ni. Nànómítà, ìwọ̀n tín-ín-tín tó ń sọ bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe gùn tó, ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Pupa tí ojú ń rí wà láàárín 630 sí 660. Èyí tí ojú kò lè rí, tó sì ń wọnú ara ju pupa lọ, wà láàárín 810 sí 850. Endre Mester, dókítà kan ní orílẹ̀-èdè Hungary, ló kíyè sí i ní 1967 pé irun eku tí òun ti fá tètè hù padà níbi tí òun tan léésà tí kò lágbára sí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lo irú ìmọ́lẹ̀ yìí fún egbò, oríkèé ríro àti iṣan tó gan.

Ti nǹkan oṣù ńkọ́? Àwọn ìwádìí kan wà tí ìrora ti dín kù lára àwọn tó lò ó, àmọ́ ìwọ̀nba obìnrin díẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò. Ẹ má sì gbà fún oníṣòwò tó bá ní iná òun ń wọ ilé ọmọ lọ tààrà. Awọ, ọ̀rá, iṣan ikùn àti àpòòtọ̀ ló wà níwájú ilé ọmọ, ìmọ́lẹ̀ tó sì lè la gbogbo wọn kọjá kéré gan-an. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣan ikùn tó dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn dáadáa lábẹ́ awọ, àti ooru tó ń bá iná náà wá ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ooru yẹn kì í ṣe ohun tí a lè fojú tẹ́ńbẹ́lú. Nínú ìdánwò kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001, ohun tó ń móoru tó nǹkan bí 39°C, tí àwọn obìnrin fi sí ikùn fún wákàtí 12 lójúmọ́, rọ ìrora wọn tó bí oògùn ìrora ibuprofen ṣe rọ ọ́.

Irinṣẹ́ tí ẹ máa rà

Bẹ́líìtì tí wọ́n to gílóòbù LED kéékèèké sí lára ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó ń fara kan awọ, kò sì sí wàhálà pé ẹ ń wọn bí ó ṣe jìnnà sí. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń gbé ka tábìlì lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ ní láti dùbúlẹ̀ tàbí jókòó síwájú rẹ̀ láìyẹ̀. Ìkẹta ni gílóòbù pupa oníwáàtì 250 tí àwọn olóko adìẹ fi ń mú òròmọdìẹ móoru. Ẹ má ṣe rà á torí pé ó pupa, tí kò sì wọ́n. Ooru ni iṣẹ́ tirẹ̀, gíláàsì rẹ̀ sì ń gbóná tó fi lè jó awọ àti aṣọ ibùsùn.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ wo ara páálí rẹ̀. Nọ́ńbà 660 àti 850 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn kọ «iná pupa» sí láìsí nọ́ńbà, ẹ dá a padà. Ẹ wo iye fóòtì pẹ̀lú: tí ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ yín bá fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ 120V nìkan sí ṣájà rẹ̀, iná 230V ti Nàìjíríà á jó o lẹ́ẹ̀kan náà. 100–240V lẹ nílò.

Iná 850 kò ṣeé fojú rí, nítorí náà àwọn kan máa ń rò pé ààbọ̀ gílóòbù ara bẹ́líìtì àwọn ti kú. Ẹ fi kámẹ́rà iwájú fóònù yín wò ó. Àwọn tó ṣókùnkùn lójú á hàn bí elésèé àlùkò tó ṣì, bí iná rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ṣe máa ń hàn. Bí wọn kò bá hàn rárá, tí rìmóòtù sì hàn, 660 nìkan ni wọ́n tà fún yín.

Ìwọ̀n rẹ̀

Bí oògùn ṣe ní ìwọ̀n ni iná yìí ní. Ìṣírò rẹ̀ kò le: ẹ fi iye mílíwáàtì tó ń bọ́ sórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan sọ iye ìṣẹ́jú àáyá di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. Ohun tó jáde ni júùlù, ìyẹn ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bẹ́líìtì tó ń mú mílíwáàtì 30 wá, tí ẹ lò fún ìṣẹ́jú 15, tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 900, á fún yín ní júùlù 27. Kò tíì sí ìwọ̀n kan tí gbogbo ayé fẹnu kò sí fún nǹkan oṣù, àmọ́ 20 sí 30 ni ó bójú mu láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi kún un ní ìrètí pé ìrora á tètè lọ. Tí ìmọ́lẹ̀ yìí bá kọjá ìwọ̀n, iṣẹ́ rẹ̀ á máa dínkù ni.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí sábà máa ń ga ju òótọ́ lọ, nítorí pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn oòrùn ni ọ̀pọ̀ wọn fi wọ̀n ọ́n, kò sì bá iná LED mu. Bí wọ́n bá kọ 100, ẹ fi ṣe 50. Tí ó bá jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí bó ṣe jìnnà tó nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Sẹ̀ǹtímítà 15 ló wọ́pọ̀, ibẹ̀ náà sì ni kí ẹ jókòó sí.

Bí ẹ ṣe máa lò ó

Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹni tí tirẹ̀ ń yẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìdí bá kọ́kọ́ wúwo tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní àti ìkejì, ẹ lè lò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí wákàtí mẹ́fà ó kéré tán wà láàárín wọn.

Ẹ fọ ìsàlẹ̀ ikùn pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ nù ún gbẹ. Kò gbọ́dọ̀ sí òrí tàbí ìpara lára, pàápàá jù lọ Robb àti Aboniki: ohun tó ń ta lára pẹ̀lú ooru lè bó awọ. Awọ lásán ni iná náà gbọ́dọ̀ kàn, nítorí aṣọ máa ń gbé èyí tó pọ̀ lára ìmọ́lẹ̀ náà mì. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí òógùn ba bẹ́líìtì jẹ́, ẹ fi náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara wé e, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ gbé àárín bẹ́líìtì sí agbede méjì ìdodo àti ibi tí irun abẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ dè é kó fara mọ́ ara láìfún yín. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún kí ikùn lè dẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, bí ìbàdí bá ń dùn yín, ẹ yí i sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú 10. Àmọ́ ẹ má sùn lé e lórí. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, torí pé ooru tí kò rí ibi jáde ló ń jó awọ.

Àwa aláwọ̀ dúdú ní láti ṣọ́ra níbí ju bí ìwé tó wà nínú páálí ṣe sọ lọ. Ohun tó ń mú awọ dúdú máa ń gba ìmọ́lẹ̀ 660 mọ́ra ju ti awọ funfun lọ, a sì máa tètè gbóná sí i. Ìwé náà á ní kí ẹ wò ó bóyá awọ ti pọ́n, pípọ́n kì í sì í hàn dáadáa lára wa. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ ṣí i wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibẹ̀. Bó bá ń ta yín, tàbí tí àmì tó dúdú ju ara tó kù lọ bá yọ, ó parí fún ọjọ́ yẹn. Tí ó bá jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, ẹ wọ awò tó bò ojú pátápátá. 850 kò hàn, nítorí náà ojú kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣẹ́.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò dí yín lọ́wọ́. Pawabánkì 10,000 mAh lè gbé bẹ́líìtì oníwáàtì 10 tó ń lo ihò USB ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ìṣẹ́jú 15 nígbà kọ̀ọ̀kan. Pánẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 60 kò wúwo fún inífátà ilé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ìná rẹ̀ ń fò sókè fò sílẹ̀ ni kí ẹ má fi tan án.

Ẹni tí kò gbọ́dọ̀ lò ó

Ẹni tó lóyún, tàbí tó rò pé òun lè ti lóyún, kò gbọ́dọ̀ tan án sí ikùn. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ ní ìsàlẹ̀ ikùn náà kò gbọ́dọ̀ lò ó láìgba àṣẹ dókítà. Bí ẹ bá ń lo doxycycline (oògùn apakòkòrò kan) tàbí oògùn mìíràn tó ń mú kí oòrùn tètè pa awọ lára, ẹ bi apòògùn léèrè kí ẹ tó tàn án.

Kò sóhun tó ní kí ẹni tó ń lo iná pa oògùn tì. Ibuprofen ń dín prostaglandin kù láti orísun rẹ̀, iná kò sì dí i lọ́wọ́. 400 mg lẹ́yìn oúnjẹ, ní kété tí ìrora bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má kọjá 1,200 mg lójúmọ́ láìsí àṣẹ dókítà. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée (asthma) tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìrora kan sì wà tó ju agbára iná yìí lọ. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí nǹkan oṣù kò ti dùn yín, tó ń le sí i lóṣooṣù, tàbí tí ìbálòpọ̀ náà ń dùn yín, ó lè jẹ́ ìju (fibroid) tàbí endometriosis, ìyẹn kí ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ máa hù síta ilé ọmọ, ẹ lọ ṣe skáànù. Bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan léraléra, bí ibà bá wà, bí omi tó ń rùn bá ń jáde, tàbí tí nǹkan oṣù pẹ́ kó tó dé, tí ìrora mímúná wá mú ẹ̀gbẹ́ kan ikùn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ọsibítù.

Ẹ kọ ìrora sílẹ̀ láti òdo dé mẹ́wàá, ṣáájú iná àti wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú iye oògùn tí ẹ lò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí kò bá dínkù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá aṣọ ló wà láàárín tàbí ẹ pẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọ̀kankan nínú wọn, tí nọ́ńbà kò fi méjì sọ̀kalẹ̀ títí oṣù kẹta fi parí, ẹ ta bẹ́líìtì náà, kí ẹ padà sídìí rọ́bà omi gbígbóná tí ẹ fi aṣọ tówẹ̀lì wé.