Bẹ́ ẹ ṣe máa to Zaku yín, tẹ́ ẹ máa kùn ún títí táá fi jọ irin

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Gunpla, ìyẹn rọ́bọ́ọ̀tì oníke téèyàn máa ń tò fúnra ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn: ọ̀dà wo ni kí n rà, ṣé dandan ni airbrush, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà? Àmọ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi o, ọ̀dà ò bo ojú tó rí gbágungbàgun mọ́lẹ̀, ibi tẹ́ ò bá fi sánpépà ha dáadáa, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀dà lé e, ṣe ló máa tú àṣírí yín síta. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa pẹ́ lórí gígé àti híha ká tó débi ọ̀dà.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, Gunpla làwọn rọ́bọ́ọ̀tì oníke tí ilé iṣẹ́ Bandai ń ṣe ní Japan, láti inú eré kàtúùnù Gundam tó jáde lórí tẹlifíṣàn lọ́dún 1979. Kíìtì àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1980, gúlù sì ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, tìsinsìnyí ò nílò gúlù, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ wọnú ara wọn ni. HG (High Grade) 1/144 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú 144 ìwọ̀n rọ́bọ́ọ̀tì inú eré náà ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 12 sí 13, owó ẹ̀ ò sì pa èèyàn. RG (Real Grade) náà 1/144 ni, ó rẹwà gan-an, àmọ́ àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ lè fẹ́ ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ọ̀ṣẹ́ ní wèrè. Zaku II, rọ́bọ́ọ̀tì gíríìnì olójú kan inú eré náà, lèmi fẹ́ràn jù fún ìbẹ̀rẹ̀, torí bíi mọ́tò àwọn sójà ló jẹ́ nínú eré yẹn, tó bá dọ̀tí tó sì ha díẹ̀, ó yẹ ẹ́ ni, kò dà bíi Gundam funfun tí gbogbo àbàwọ́n máa hàn lára ẹ̀ kedere.

Ó dáa, ẹ ṣí páálí. Gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀ ló so mọ́ férémù ike kan tí wọ́n ń pè ní ránnà, pẹ̀lú nọ́ńbà lára. Ẹ má jù ú fà o, ẹ má sì fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ. Nípà, pílásì kékeré tí wọ́n fi ń gé ike, lẹ máa fi gé e, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sì máa gé e: àkọ́kọ́, ẹ gé e jìnnà sí ara nǹkan náà kó lè kúrò lára ránnà, ìkejì ẹ wá sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ ṣì fi díẹ̀ sílẹ̀. Ìdí ni pé nípà kì í kàn gé ike, ó máa ń fún un pọ̀ kó tó gé e, tẹ́ ẹ bá wá gé e mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ibẹ̀ á funfun tàbí kó jẹ wọnú, lára ike gíríìnì bíi ti Zaku ẹ máa rí i látọ̀ọ́kán. Ojú tó funfun, ọ̀dà lè bò ó, àmọ́ èyí tó jẹ wọnú, kò sí ọ̀dà tó máa dí i.

Èyí tó kù yẹn, ẹ fi ọ̀bẹ mímú bẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ kọ ojú ọ̀bẹ sódìkejì ìka yín, lẹ́yìn náà ẹ wá mú sánpépà 400, kẹ́ ẹ bọ́ sórí 600, kẹ́ ẹ fi 800 tàbí 1000 parí ẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan. Ẹ pa ojú dé, kẹ́ ẹ fi orí èékánná àtàǹpàkò gba ibẹ̀ kọjá, tó bá gbé èékánná yín sókè bó ti wù kó kéré mọ, ó ṣì kù nìyẹn, ẹ padà sórí 600. Èékánná ò ní tàn yín jẹ láé, iná yàrá lè tàn yín jẹ.

Ibòmíì tó máa ń ṣàkóbá fún iṣẹ́ ni ojú ìpàdé, ibi tí ike méjì ti pàdé láàárín ìbọn ẹ̀, tàbí apá ẹ̀ nígbà míì. Ìlà kan máa là á já látòkè délẹ̀, irin gidi ò sì ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi Tamiya Extra Thin, gúlù tó máa ń yọ́ ike, sétí méjèèjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ dáadáa títí ike yíyọ́ á fi ru jáde díẹ̀, ẹ má nù ún, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fọ́jọ́ méjì ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó ha á mọ́lẹ̀. Ẹ ṣọ́ra kí gúlù má dé oríkèé, tó bá débẹ̀ apá yẹn ò ní yí mọ́.

Ẹ to gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan láì tíì kùn ún, kẹ́ ẹ rí i pé ó wọra. Kẹ́ ẹ lè rí i tú padà, ẹ gé orí àwọn èèkàn kéékèèké inú ẹ̀ sọ́nà kan díẹ̀, wọn ò ní gan-an mọ́ra jù. Inú oríkèé náà, ẹ ha á díẹ̀, torí ọ̀dà máa ń nípọn, tí àyè ò bá sí, á máa ha ara ẹ̀ tàbí kó há pátápátá. Ẹ wá tú u, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, epo tó wà lára ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọ̀dà dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi ìgbámú tẹ́ńté kan mú ìkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ so ó mọ́ igi súyà, kẹ́ ẹ gún un mọ́ páálí tó nípọn, ọwọ́ yín ò tún gbọ́dọ̀ kan ara ẹ̀ mọ́.

Ká tó fín nǹkan kan: ẹ wọ ìbòmú tó ní fílítà fún kẹ́míkà, ti aṣọ yẹn ò ṣe nǹkan kan, ẹ ṣí fèrèsé, kí iná àbẹ́là, sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀ má sí nítòsí o jàre. Gáàsì inú agolo ọ̀dà tẹ́ ẹ máa fín yẹn máa ń gbaná.

Práímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó máa ń ṣáájú ọ̀dà gidi, ló kàn, Mr. Surfacer 1000 aláwọ̀ eérú dáa gan-an. Tó bá jẹ́ práímà mọ́tò lẹ rí rà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ránnà tó ṣẹ́kù torí àwọn kan máa ń jẹ ike. Ẹ dúró bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fín in níta nǹkan náà, ẹ gbà á kọjá lára ẹ̀, kẹ́ ẹ tó dáwọ́ dúró lódìkejì, bí àwọn tó ń kun mọ́tò ṣe máa ń ṣe é. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn tó sì ń ṣàn. Fẹ́ni tó wà l'Ékòó, ẹ má fín in lọ́jọ́ tójò ń rọ̀, ọ̀rinrin á jẹ́ kó hó funfun, ẹ dúró de ọ̀sán tó gbẹ. Ọyẹ́ ní tiẹ̀ gbẹ jù, ọ̀dà lè gbẹ lójú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, ojú ẹ̀ á wá rí ṣákaṣàka, ẹ yáa sún mọ́ ọn díẹ̀, kẹ́ ẹ ṣọ́ eruku.

Ẹ wá wo ojú ẹ̀ nísinsìnyí, torí ìgbà tí práímà bá gbẹ lẹ máa mọ ibi tẹ́ ẹ ti ṣọ̀lẹ. Ẹ ha á, ẹ tún un fín.

Tó bá ṣe pé airbrush lẹ ní, ẹ po ọ̀dà pẹ̀lú tínà títí á fi ṣàn bíi mílíìkì. Tí ò bá sí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe é pẹ̀lú acrylic tẹ́ ẹ bu omi sí, ipele mẹ́ta mẹ́rin, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìkọ̀ọ̀kan gbẹ. Gíríìnì fẹ́ẹ́rẹ́ fún orí àti apá, gíríìnì dúdú fún àyà, àwọn ọ̀pá tó lọ́ mọ́ orí àti ẹsẹ̀ ẹ̀ aláwọ̀ eérú, ojú kan ṣoṣo tó ní píǹkì. Acrylic, lacquer àti enamel, irú ọ̀dà ni wọ́n, tínà lacquer ló sì lágbára jù. Ẹ má ṣe fi lacquer lé orí acrylic o, tínà ẹ̀ á tú u ká, àmọ́ enamel lórí lacquer kò léwu.

Torí ìyẹn ni Tamiya Panel Line Accent, ọ̀dà tó ń ṣàn tí wọ́n fi ń kun ojú àwọn ìlà tó wà lára rọ́bọ́ọ̀tì, fi máa ń rọrùn, enamel ni. Tó bá jẹ́ lacquer lẹ fi kùn ún, ẹ kọ́kọ́ fín lacquer dídán lé e, tó bá jẹ́ acrylic, kó jẹ́ acrylic dídán, tó bá gbẹ ẹ fi orí búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ kan ojú ìlà lẹ́ẹ̀kan péré, á sáré lọ fúnra ẹ̀, nǹkan ìgbádùn ni kéèyàn máa wò ó. Èyí tó dà síta, ẹ fi òwú ìnutí àti tínà enamel nù ún. Àmọ́ tẹ́ ò bá kùn ún rárá, ẹ má fi í sára ike lásán níbi tó ti gan, á la ike yẹn. Pẹ́ẹ̀nì Gundam Marker ni kẹ́ ẹ lò. Pẹ́ẹ̀nì yẹn àti ọ̀dà ìparí tí kì í dán, ó ti tó fún kíìtì àkọ́kọ́ lójú tèmi.

Fún ìdọ̀tí, ẹ já fóòmù ìfọbọ́ díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ ọ̀dà búráùn tó dúdú, ẹ nù ún sára pépà títí á fi fẹ́ẹ̀ tán, kẹ́ ẹ wá fi kan etí apata èjìká ẹ̀, orúnkún àti ìka ẹsẹ̀ nìkan, ibi tí irin ti máa ń gbá nǹkan lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ àyà ò yẹ kó ha bẹ́ẹ̀.

Ẹ yọ ojú píǹkì yẹn kẹ́ ẹ tó fín ọ̀dà ìparí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣú. Tí gbogbo ẹ̀ bá gbẹ, ẹ tò ó padà, kẹ́ ẹ sì nu ẹnu àwọn ìgò ọ̀dà kẹ́ ẹ tó dé wọn, torí tó bá gan síbẹ̀, pílásì lẹ máa fi ṣí i lọ́jọ́ mìíràn.