Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí FreeTV ládùúgbò yín, ẹ má tíì sáré náwó o

Ọ̀rọ̀ pé kí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà kúrò lórí analog bọ́ sórí digital, èyí tí wọ́n ń pè ní FreeTV yìí, ti pẹ́ nílẹ̀. June 17, 2015 wà lára gbèdéke tí wọ́n dá, ó kọjá lọ, wọ́n sún un sí June 2017, ìyẹn náà tún kọjá. Jos ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ó dé Òṣogbo ní 2018, Èkó ò rí i àfi 2021. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni ọ̀rọ̀ déètì, torí náà bẹ́ ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ó ti dé ìpínlẹ̀ yín, ẹ má torí ìyẹn sáré lọ ra dìkódà lọ́jà. Ìpínlẹ̀ tóbi jù àdúgbò lọ, ohun tó bá wà lófuurufú lọ́dọ̀ yín nìkan ni dìkódà lè gbà, bí síginá ò bá tíì dé ibẹ̀, "No Signal" lẹ máa jókòó ti. Ẹ lọ sílé aládùúgbò tó ti ń lò ó kẹ́ ẹ fojú yín rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí ńlá yẹn nù! Bó bá ṣáà ti ní ihò pupa, funfun àti yẹ́lò tí wọ́n ń ki wáyà AV bọ̀, dìkódà á bá a ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n tuntun, kó yẹ ara páálí rẹ̀ wò dáadáa, DVB-T2, ìyẹn irú síginá digital tí FreeTV ń lò, ló yẹ kó wà níbẹ̀, DVB-T tí ò ní 2 ò lè gbé e. Àwọn tó ń tà á á ní "smart ni o, gbogbo nǹkan ló ń gbé", smart ò kan èyí rárá, ti íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Éríálì wá ni wàhálà tó pọ̀ jù. Àwọn èèyàn á fi sẹ́yìn kọ́tìnì nínú yàrá tí wọ́n fi páànù bo òrùlé ẹ̀, àwòrán á máa gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n á ní dìkódà ò dáa. Éríálì UHF ni kẹ́ ẹ lò, ẹ gbé e sórí póòlù níta, kó kọjú síbi tí tàwọn tó ń rí i kedere ládùúgbò kọjú sí, kẹ́ ẹ wá fi rímóòtù scan lẹ́ẹ̀kan sí i, torí bẹ́ ẹ bá yí éríálì tẹ́ ò scan, ìkànnì tẹ́ ò rí lánàá lè má jáde lónìí náà.