Ẹ Má Tíì Fọ́ọ̀màtì Láptọ́ọ̀pù Yẹn: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Yín Lówó

Kò sí àárọ̀ tí wọn kì í wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: "Ẹnjiníà, ẹ bá mi fọ́ọ̀màtì ẹ̀, ó ń falẹ̀." Oògùn ni wọ́n gbé wá, wọn ò sọ àìsàn. Ó ń dùn mí, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ń náwó báyìí jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó jẹ́ pé owó oúnjẹ ni wọ́n ń ná.

1. Fífọ́ọ̀màtì (kí wọ́n pa gbogbo ohun inú ẹ̀rọ rẹ́, kí wọ́n tún Windows gbé sí i) láì wádìí. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á ṣí, ibẹ̀ lẹ ó ti rí ohun tó ń jẹ ẹ̀rọ yín. Bí Disk (ibi tí fáìlì ń gbé) bá wà ní 100% ṣáá láti ìgbà tí ẹ ti tan án, tó sì jẹ́ hard disk àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú ẹ̀, fọ́ọ̀màtì ò lè wò ó sàn. Púpọ̀ nínú hard disk láptọ́ọ̀pù ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, apá tín-ínrín kan á sì máa sáré kiri lórí ẹ̀ láti wá fáìlì. Iṣẹ́ tí Windows òde òní ń gbé fún apá yẹn ti pọ̀ jù. SSD (irú disk tí kò ní ohunkóhun tó ń yí) ni kí ẹ fi rọ́pò ẹ̀ kí ẹ tó sọ pé láptọ́ọ̀pù ti darúgbó, kí ẹ tó lọ ra tòkunbọ̀ mìíràn. Bó bá sì di dandan kí ẹ fọ́ọ̀màtì, ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín síbòmíràn, kí ẹ sì ṣí wọn wò níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tí iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀ lọ báyìí, ẹkún ló sun jáde.

2. Ríra RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) nígbà tí Memory nínú Task Manager ò tíì dé ìdajì. Kò ní yí nǹkan kan padà.

3. Antivirus (ètò tó ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà) méjì lórí ẹ̀rọ kan. Windows ti ní tiẹ̀ nínú láti ìgbà Windows 8. Ẹ yọ èyí tí ẹnìkan bá yín fi sí i.

Ó wá kan ooru, ibi tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ọmọbìnrin kan gbé tiẹ̀ wá nígbà ọyẹ́. Wọ́n ti bá a fọ́ọ̀màtì ẹ̀ níbòmíràn, wọ́n tún ta RAM fún un. Síbẹ̀, bó bá ti lò ó díẹ̀, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ẹ̀rọ á máa falẹ̀, á sì kú fúnra ẹ̀. Mo ní, "Àbúrò, orí kí lo ti ń lò ó?" Ó ní, "Orí bẹ́ẹ̀dì ni, sà." Mo tú ẹ̀yìn ẹ̀. Láàárín fáànù àti àwọn irin wẹ́wẹ́ tí ooru ń gbà jáde, eruku ti dì mọ́ òwú kúbùsù, ó nípọn bí aṣọ òfì. Ìka méjì ni mo fi ká a kúrò lódindi. Paste (ohun bí ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò) orí processor, ọpọlọ ẹ̀rọ, ti gbẹ, ó ń rún bọ́ sílẹ̀. Mo nu gbogbo ẹ̀, mo fi paste tuntun sí i, ó sì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Processor tó bá gbóná dé nǹkan bí 100°C á dín eré ara ẹ̀ kù kó má baà jóná. Ohun tí ẹ ń pè ní "ó ń falẹ̀" nìyẹn. Fọ́ọ̀màtì wo ló ń gbá eruku? Ihò atẹ́gùn wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí ń dí i pa. Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ kan, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tú u nù lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti lọ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ń bá a lọ. Bí blower (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn) lẹ bá sì ń lò, ẹ fi nǹkan di fáànù mú kó má yí.

Ṣájà pẹ̀lú lè mú ẹ̀rọ falẹ̀. Ṣájà Dell tí ẹnu ẹ̀ róbótó ní abẹ́rẹ́ kan láàárín tó ń sọ iye wáàtì fún láptọ́ọ̀pù. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá wọ́, tàbí tí ṣájà jẹ́ ayédèrú, ẹ̀rọ lè máà gba iná sínú bátìrì, á sì dín eré processor kù. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀: fóòtì gbọ́dọ̀ bá ti láptọ́ọ̀pù mu, wáàtì ò sì gbọdọ̀ kéré sí i. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ 65W, ẹ má ra 45W fún un torí pé ó dínwó.

Bí ẹ bá fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ yọ láptọ́ọ̀pù kúrò lára iná ná, kí iná dúró dáadáa kí ẹ tó tún fi í sí i.

Bí ibi tí ẹ ti ń fi ìka darí ẹ̀rọ bá ń wú sókè, tàbí tí ìdérí ìsàlẹ̀ ń là, bátìrì ló wú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má gún un, ẹ má sì fi ṣájà sí i mọ́. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ gbé e lọ kí wọ́n yọ bátìrì ọ̀hún lọ́jọ́ náà gan-an.